Orúkọ Méjì Tí Ajá Bàbá Mi Jẹ́

Òórùn oko bàbá mi kò jọ ti oko ẹlòmíràn. Ìtọ̀ ewúrẹ́ tí òjò ti rin mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, èéfín tó ti há sínú koríko òrùlé wà níbẹ̀, ewé iṣu tútù náà wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá dà pọ̀ láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó yọ. Bí mo bá gun alùpùpù gba ọ̀nà Koko lónìí, tí òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, òórùn náà á kàn mí nímú, màá ní kí ẹni tó gbé mi rọra máa lọ. Àwọn tó rí mi á rò pé inú mi ń dùn, pé mò ń rántí ìgbà èwe. Rárá o. Ìwọ tí o dàgbà ládùúgbò yẹn náà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí èèyàn ń rántí ló ń dùn mọ́ ọn.

Inú ìlú Bantè là ń gbé nígbà náà nítorí lekóòlù, ilé ìwé wa, ṣùgbọ́n bí fakáǹsì bá ti dé, tí ilé ìwé pa dé, ìyá mi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú bá wa nílé. Á di ẹrù, á gbé àbúrò mi pọ̀n, á ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa tẹ̀ lé òun, ó di oko. Bàbá mi àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé níbẹ̀ ṣáá, ní abà oníyàrá méjì kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń da ewúrẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣọ́ àwọn ẹyẹ awó, torí awó kì í yé sílé bí adìẹ. Inú igbó ló máa ń lọ fi ẹyin pamọ́ sí, ó sì gbọ́n ju àwọn ọmọ èèyàn kan tí mo mọ̀ lọ. Ìyá àgbà kọ́ mi pé bí mo bá rí ìtẹ́ rẹ̀, n kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Ṣíbí onígi ni kí n fi bu ẹyin náà, kí n sì fi díẹ̀ sílẹ̀, kí ó má baà mọ̀ pé ẹnì kan ti dé ibẹ̀. Bí mo bá ti bu ẹyin náà tán, tí mo kó o sínú igbá, mo máa ń rò pé kò sí ẹni tó tó mi láyé.

Ajá kan wà níbẹ̀. Pupa ni, ìdí ìrù rẹ̀ nìkan ló funfun, etí rẹ̀ kan kì í nà dáadáa. Orúkọ rẹ̀ ni Ọmọ-ìyá-dà.

Mo ní láti dúró sọ ti orúkọ yẹn, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n mọ́, ajá wọn ń jẹ́ Rex, ó ń jẹ́ Bobby. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá ń dun èèyàn, tí kò sì fẹ́ sọ ọ́ sí i lójú, yóò wá ọmọ ajá kan, yóò fi ọ̀rọ̀ náà sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á máa gbọ́ ọ láàárọ̀, á máa gbọ́ ọ lálẹ́, kò sì ní lè fèsì, torí bó bá bínú wọ́n á bi í pé, "Ṣé ìwọ ni ajá ni?" Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Bantè tí ajá rẹ̀ ń jẹ́ Ẹ-wo-tiyín. Aládùúgbò rẹ̀ tí orúkọ náà ń bá wí lọ mú ajá tirẹ̀ wá, ó sọ ọ́ ní À-ń-wò-ó. Ọdún gbáko ni àwọn méjèèjì fi jà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń kí ara wọn ẹ káàárọ̀, ẹ kúulé, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rín là ń fi í rín. Èmi náà rín in, kí ó tó kan ilé wa.

Ẹni tí ajá bàbá mi ń bá wí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù fún ìyá àgbà nínú gbogbo ọmọ tó bí. Oko wọn kọjú síra, odò kékeré kan ló wà láàárín, a sì máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gúnyán lọ́hùn-ún láti ọ̀dọ̀ wa. Bàbá Òdìkejì ni àwa ọmọdé ń pè é. Èèyàn gíga ni, ó máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ará Savalou, ọmọ Mahi, tó ti pẹ́ láàárín wa débi pé ó ń bá wa fi èdè wa ṣàwàdà.

Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí máa ń ṣe àáró. Bí òjò bá ti ń parí lọ, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, gbogbo wọn á kọ́kọ́ kọ ebè oko ẹnì kan, lẹ́yìn náà wọ́n á kọjá sí ti ẹnì kejì. Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, bàbá mi ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ebè tán, ó kù kí ẹ̀gbọ́n náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá a kọ tirẹ̀. Ìgbà náà ni sòbìyà yọ sí bàbá mi lọ́rùn ẹsẹ̀. O mọ bí kòkòrò yẹn ṣe ń ṣe, bó ṣe ń jáde bí òwú funfun, tí èèyàn á máa wé e mọ́ igi díẹ̀díẹ̀, tí kò ní lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá mi dùbúlẹ̀, ó ń retí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá ni ìròyìn dé láti Savalou pé bàbá ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà ti kú. Àna gbọ́dọ̀ dé ibi òkú pẹ̀lú aṣọ àti àwọn èèyàn tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú á ti ìyàwó rẹ̀ láàárín àwọn ará ilé rẹ̀ títí láé. Ẹ̀gbọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó lọ. Ìsìnkú náà pẹ́. Nígbà tí wọ́n fi dé, ilẹ̀ ti gbẹ, ọkọ́ kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìba ebè tí ìyá mi àti ìyá àgbà fi ọwọ́ ara wọn kọ ni a rí gbin iṣu sí.

Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, n kò tíì lè sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò lè ṣaláì lọ, bàbá mi náà kò sì lè ṣaláì bínú. Ṣùgbọ́n wọn kò jókòó sọ ọ́. Nígbà ọyẹ́, bàbá mi rí ọmọ ajá kan gbà lọ́wọ́ ọdẹ kan, ó sì sọ ọ́ ní Ọmọ-ìyá-dà, pé níbo ni ọmọ ìyá òun wà ní ọjọ́ tí òun wá a.

Ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń pè é, nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti pa rọ́rọ́, tí ewúrẹ́ ti wọlé. Á dúró sí etí oko tó kọjú sí odò, á gbé ohùn sókè: "Ọmọ-ìyá-dà o! Ọmọ-ìyá-dà!" Ajá náà á sáré láti ibikíbi tó bá wà, á máa ju ìrù, inú rẹ̀ á máa dùn, ẹranko tí kò mọ nǹkan kan. Lódì kejì odò, ọmọ odó á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kò pe ajá náà lórúkọ rí. "Ajá" ló ń pè é. Bó bá ti gbọ́ tí bàbá mi ń kígbe, á wọ inú yàrá lọ, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Àwa ọmọdé kò bá wọn dá sí ìjà. Wọn kò sọ pé kí a má bá àwọn ọmọ òdìkejì ṣeré, a kò sì bi wọ́n. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ọmọ tó gbẹ̀yìn fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun àti èmi la máa ń pàdé níbi omi. A máa ń wọ inú omi dé orúnkún, a máa pọn ọ́n sínú agbè, a máa mu níbẹ̀, ewúrẹ́ á máa mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó kọ́ mi ní orin Mahi kan tí mo ṣì mọ ohùn rẹ̀, n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà míì a máa ń sun àgbàdo tútù sétí odò, ajá náà á jókòó sáàárín wa, á máa wo ẹnu wa. Ẹgbẹ́ mi yìí kì í pe orúkọ ajá náà, ṣùgbọ́n ó máa ń bọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa nígbà náà pé inú omi tí à ń mu yẹn ni sòbìyà ń gbà wọ ara èèyàn. Bí wọ́n bá tiẹ̀ sọ ọ́, omi mìíràn dà?

Ibi omi yẹn ló ti sọ fún mi ní ọjọ́ kan pé sòbìyà ti yọ sí bàbá òun náà.

"Ó já," ó ní. "Wọ́n ń fà á, ó já sínú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dé ibí."

Ó fi ọwọ́ kan itan ara rẹ̀. Mo lọ sọ fún ìyá àgbà. Ọjọ́ náà gan-an ló mú ọ̀pá, ó sọdá odò, omi dé ìbàdí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó padà dé, kò yọ aṣọ tútù lára, ó lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń gún igi mọ́ ìdí iṣu.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kò lè dìde."

"Èmi náà dùbúlẹ̀ nígbà kan, Ìyá."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀."

Bàbá mi yíjú padà sí ìdí iṣu. Ó mú igi mìíràn. Kì í ṣe òǹrorò èèyàn, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa ń gbé àbúrò mi sẹ́yìn nígbà tó bá ń roko ni, tó máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ eruku kúrò lójú ọmọ ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan yẹn ti wọ̀ ọ́ lára, kò mọ bí yóò ṣe bọ́ ọ.

Ìyá àgbà fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ oúnjẹ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní ìgbà tí ìyá mi gbé àwo síwájú rẹ̀, ó ní kí ó gbé e kúrò. Iṣu làbókò ti tó wà nígbà náà, èyí tó máa ń ṣáájú àwọn tó kù, a ti ń wo ilẹ̀ tó ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Ó pe bàbá mi.

"Iṣu tuntun yìí, n kò ní fi ẹnu kàn án bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá jókòó jẹ ẹ́ níwájú mi. Mo ti dàgbà. N kò mọ̀ bóyá n ó rí òmíràn."

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Kí ni kí n wá wí fún un, Ìyá? Kí n kàn yọ sí i bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ni o fi sára ajá. Ọ̀rọ̀ náà ni kí o mú kúrò lára rẹ̀."

Mo rí bí ojú bàbá mi ṣe là. Ohun tí ó ń wá nìyẹn, ọ̀nà tí kò ní mú ojú tì í. Bí ó bá pààrọ̀ orúkọ ajá náà, tí ó sì pe tuntun ní ìrọ̀lẹ́ níbi tó ti máa ń pe ti àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà á dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, gbogbo oko tó ti gbọ́ ti àkọ́kọ́ á sì gbọ́ ti ìkẹyìn. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́, yóò wa iṣu, yóò sọdá. Ó ro orúkọ náà láti àárọ̀ di ọ̀sán, ó ń roko, ó ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè. Nígbà tó wá jẹun, ó sọ ọ́ fún wa.

"Ó-ti-tán."

Ìjà ti tán, ìbínú ti tán. Ìyá mi ní ó dára. Ìyá àgbà ní kí ó tún un pè kí òun gbọ́, ó tún un pè, ìyá àgbà sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti dé oko. A jókòó, gbogbo wa tí a gbọ́ Yorùbá láti inú ìyá wa, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó gbọ́ ohun mìíràn tí orúkọ náà ń sọ.

Ọ̀sán yẹn ni a fi kọ́ ajá náà. Àwa ọmọ ló ṣe é, a ń fi èèpo iṣu sísun tàn án. Ẹ̀gbọ́n mi á lọ dúró lọ́hùn-ún, á ní, "Ó-ti-tán, wá!" Ajá náà á wò ó, á wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Àbúrò mi náà ń pè é, ó ń sọ ọ́ di "Tíntán". A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Mo rántí ẹ̀rín yẹn dáadáa, n kò sì fẹ́ràn láti máa rántí rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, bàbá mi wẹ ọwọ́, ó wẹ ojú, ó lọ dúró sí etí oko. Gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ó kọ́kọ́ pè é jẹ́ẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè bó ṣe máa ń ṣe.

"Ó-ti-tán o! Ó-ti-tán!"

Ajá náà dùbúlẹ̀ sí ìdí ààrò. Kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Nítorí pé kò dáhùn, bàbá mi tún pè é, ó tún pè é, ohùn rẹ̀ ń lọ lórí omi, ó ń padà bọ̀. Ojú ń tì í díẹ̀ pé ajá òun kò gbọ́ràn, ó fi ń pariwo sí i. "Ó ti tán! Ó ti tán o!" Ọmọ odó lódì kejì kò dún rárá ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. A rò pé wọ́n dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa ni.

Kò pẹ́, a rí ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi tó sọdá odò wá. Ó dúró jìnnà sí wa, ó ń wo ilẹ̀.

"Bàbá ní kí ẹ má pè é mọ́," ó ní. "Ó ní òun ti gbọ́."

"Ó ti gbọ́!" Bàbá mi yíjú sí ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ìyá, ó ní òun ti gbọ́!"

Mo sáré wọlé, mo kó ẹyin awó sínú igbá fún un. Kò gbà á. Ó ní ìyá òun ní kí òun má gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa, ó sì yí padà, ó lọ. Ìyá mi ní ojú ló ń ti ọmọ náà. Bàbá mi jẹun dáadáa ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣe bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń wúkọ́, ìyá àgbà sì mu ẹ̀kọ díẹ̀.

Kí ìrì tó gbẹ, ó ti wà nídìí ebè. Ó wa èyí tó tóbi jù, ó rọra gé e kúrò lára ìtàkùn rẹ̀, ó bo orí rẹ̀ padà kí ó lè tún ta, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí làbókò. Ó fọ iṣu náà, ó gbé e lé èjìká. Òun ló ṣáájú, ẹ̀gbọ́n mi di ìyá àgbà mú, èmi wà lẹ́yìn, ajá náà ń sáré síwá sẹ́yìn láàárín wa, tí kò ní orúkọ kan tó ń jẹ́ mọ́. Inú gbogbo wa ń dùn. Mo ti ń ro ohun tí èmi àti ẹgbẹ́ mi yóò ṣe ní ọjọ́ náà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà abà wọn. Kò dìde kí wa. Láti ìgbà tó ti wọ ìdílé wa, ọkọ mi ló ń pe bàbá mi, bí àwọn ìyàwó ṣe ń pe àbúrò ọkọ wọn, kò sì pè é ní nǹkan mìíràn ní ọjọ́ yẹn.

"Ọkọ mi," ó ní, "ẹ wá wò ó bóyá ó ti tán lóòótọ́?"

Bàbá mi dúró pẹ̀lú iṣu léjìká.

"Láti àná ni ẹnu rẹ̀ ti ń dì, egbò ẹsẹ̀ náà ló fà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ká kò. A ń gbìyànjú kó mu omi nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ẹ ń wí, mo ní n kò gbọ́. Ó ní òun gbọ́. Ó ní, 'Àbúrò mi ní mo ti tán.'" Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ó rán ọmọ sí yín. Láti ìgbà yẹn, ẹnu náà kò ṣí mọ́."

A wọlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọjú sí ògiri, ara rẹ̀ le gbọnrangandan, orí rẹ̀ wọ́ sẹ́yìn, eyín rẹ̀ pa dé mọ́ra bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín. Bàbá mi ju iṣu sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ yàrá náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ajá ni. Ajá ni mò ń pè. Ìjà ni mo ní ó ti tán. Ìjà ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi là, ó ń wo ògiri. Mo wà níbẹ̀, mo lọ sí apá ibi tí mo ti lè rí ojú náà, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbọ́. N kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ aláìsàn náà, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí, ó ń sọ pé, "Ó gbọ́, ó gbọ́," ṣùgbọ́n bàbá mi ló ń sọ ọ́ fún.

Wọ́n gbé e sórí pátákó, wọ́n gbé e dé ojú títì, wọ́n sì rí bàṣé kan tó ń lọ sí Savalou, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń fi tapolí bo ẹ̀yìn wọn nígbà yẹn. Bàbá mi gbé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé itan. Ẹ̀gbọ́n mi tó bá wọn lọ sọ fún mi pé bàbá wa kò dákẹ́ ẹnu lójú ọ̀nà, pé bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò, tí ara ẹni náà bá gbọ̀n, á tún ní, "Ìjà ni, Ẹ̀gbọ́n, ìjà ni." Wọn kò tíì dé ilé ìwòsàn tí ẹ̀mí fi bọ́ lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì wúlò mọ́ láti sọ ọ́.

Ìyá àgbà kò jẹ iṣu tuntun ní ọdún yẹn. Èyí tí bàbá mi gbé lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tó jù ú sí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án títí ó fi rà. Nígbà tí fakáǹsì tún fi dé, ìyá àgbà náà ti kú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tirẹ̀ ní Savalou, igbó sì gba oko wọn. Mo ṣì ń lọ sí ibi omi, mo ṣì ń ṣọ́ awó, ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún kò sí ẹni tó ń gúnyán mọ́, mo sì wá mọ bí òdì kejì odò ṣe jìnnà tó.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí èmi náà ti ń gbé ní Savalou, mo pàdé ẹgbẹ́ mi yẹn lọ́jà, ó ń ta gààrí. A dì mọ́ra. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, nípa orúkọ náà, nípa èèpo iṣu, nípa bí ìyá àgbà ṣe rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ó ní ìyá òun kò gbà á gbọ́ títí tó fi kú, àti pé òun kò ní lè sọ fún bàbá òun.

Ti ajá náà ló kù. Bàbá mi kò lè pe orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì lè pe èkejì. Ẹnu ló máa ń fi pè é, ó máa ń mú un dún bí ẹni ń pe adìẹ, gbogbo wa sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dàgbà báyìí, láìlórúkọ, ojú rẹ̀ kan fọ́. Ní ìparí àwọn ọdún yẹn, àwọn kan wá láti kọ́ àwọn ará oko ní bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ sẹ́ omi, wọ́n jẹ́ kí bàbá mi wo àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú rẹ̀ nínú ife. Ó wò wọ́n pẹ́, ó sì dá ife náà padà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wà níbẹ̀, mo wá kí i. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ọ̀nà odò. Mo gbọ́ tó sọ ọ́, kò pariwo, bí ẹni ń bi ara rẹ̀ ní nǹkan: "Ọmọ ìyá dà?" Ajá náà ti di arúgbó, ó ti pẹ́ tí kò gbọ́ orúkọ yẹn mọ́. Ó gbé orí sókè, etí rẹ̀ tí kì í nà dáadáa náà nà, ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún dìde, ó sì rìn lọ bá a.

Mo ní ajá kan nílé mi ní Savalou. "Ajá" là ń pè é, bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọmọ ìyá mi, mo máa ń gun alùpùpù lọ bá a, kí n lè wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń gbọ́ ọ. N kò ní purọ́ fún ọ pé ó wo nǹkan kan sàn nínú mi. Bàbá mi náà kú láìmọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tó fi béèrè ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ odò yẹn, ajá nìkan ló jẹ́ ẹ.